Lẹ́tà ṣíṣí sí Gíwá àti Sẹ́nẹ́ètì: Ẹ dá ilẹ̀ ọ̀gáníìkì wa padà

Sí Gíwá fásitì wa àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Sẹ́nẹ́ètì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà ni mí lórí ọ̀gbìn ọ̀gáníìkì àti ètò oúnjẹ, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń dáko láìlo kẹ́míkà, àti bí oúnjẹ ṣe ń ti oko dé ọjà, tó ń ti ọjà dé inú ìkòkò, láìba ilẹ̀ jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè tó kọjá, àwọn tí ẹ̀ka ìtọ́jú ọgbà gbéṣẹ́ fún wá fọ́n oògùn apakoríko sórí ilẹ̀ ìwádìí wa, kí ẹ̀bá ọ̀nà lè mọ́ lójú àlejò. Lẹ́tà mẹ́ta ni a kọ. Oṣù méjì kọjá kí èsì tó jáde. Ohun mẹ́ta ló wà nínú èsì náà: èkíní, kí a wá ilẹ̀ mìíràn; èkejì, wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí; ẹ̀kẹta, láti sáà tó ń bọ̀, ẹ kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ètò wa mọ́, ẹ ó pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ irè oko. Nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì láti béèrè ìdí, òṣìṣẹ́ kan wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló kú, ẹ tún un gbìn."

Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ní gbangba.

1. Ohun tí mo bá lóko.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni, mo gbé garawa àti òṣùwọ̀n mi dání, mo fẹ́ já ẹ̀fọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n wọ̀n ọ́n. Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti rí i pé àwọ̀ ilẹ̀ ti yí padà. Tẹ̀tẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ti rọ, ewé rẹ̀ pọ́n bí ewé tí iná rà, etí rẹ̀ ká kò. Bẹ́ẹ̀dì 16, ìyẹn ebè pẹlẹbẹ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí, ni a ní, 14 ló fara gbá a. Méjì tó ṣẹ́kù wà nídìí igi dongoyárò, bóyá ọwọ́ ẹni tó ń fọ́n ọn kò dé ibẹ̀ ni. Ojú ẹsẹ̀ sílípáàsì wà nínú poro láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ìgò òfìfo mẹ́rin wà nídìí pátákó tí a fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí pé "Ilẹ̀ ìwádìí ọ̀gáníìkì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fọ́n oògùn síbí." Paraquat, orúkọ oògùn apakoríko kan, ni wọ́n kọ sára ìgò náà. A ya fọ́tò wọn, a sì kó wọn pamọ́ sínú àpò tí a dì lẹ́nu.

Ẹ̀yin àgbà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin de paraquat ní Nàìjíríà. Oògùn tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣèèṣì gbé ẹnu díẹ̀ mì nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ̀ tí dókítà mọ̀ fún un. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà sọ fún mi pé ọmọ tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn kò wọ ìbọ̀wọ́, kò bo imú, kò sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. N ò mọ orúkọ rẹ̀, n ò sì bínú sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá wa lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ọmọ náà rí, kí ẹ mú un lọ sí kílíníìkì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

2. Ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ sí wa.

Ẹni tó ní ká tún ẹ̀fọ́ gbìn kò mọ ohun tó kú. Nínú ìlànà Yúróòpù, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì láìfojú kan kẹ́míkà kí a tó gbin ọkà tàbí ẹ̀fọ́ tí a ó pè ní ọ̀gáníìkì sórí rẹ̀. Fún igi bíi kòkó àti ọsàn, ọdún mẹ́ta ni kí a tó kórè. Oṣù 36 ni ti Amẹ́ríkà, òun ni ẹ̀ka wa sì ń tẹ̀lé. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọ́n oògùn yẹn, ilẹ̀ wa ti pé oṣù 34. Oṣù méjì péré ló kù. Ọ̀sán ọjọ́ kan ti dá a padà sí òdo. Bẹ́ẹ̀, paraquat kì í ṣe oògùn tí òjò ń fọ̀ lọ wéré, ó máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nótíbúùkù kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló fi okùn àti èèkàn pín ilẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì: mẹ́rin ń jẹ ìgbẹ́ adìẹ, mẹ́rin ń jẹ kọ́ńpọ́ọ̀sì (ewé àti pàǹtírí tó ti jẹrà di ajílẹ̀), mẹ́rin ń jẹ ewé jógbó, a kò sì fi nǹkan kan sí mẹ́rin tó kù. Ó kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀, ó kọ ìwọ̀n ẹ̀fọ́, ó kọ iye ìgbà tó roko. Nígbà tó gboyè, ó fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Ẹnì kejì náà gboyè, ó fi lé èmi lọ́wọ́. Lójú ìwé kan ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n náà kọ ọ́ pé: "Mo gbẹ́ ihò mẹ́rin. N ò rí ekòló kankan." Lọ́dún yìí, nínú bẹ́ẹ̀dì onígbẹ̀ẹ́ adìẹ, kí ọkọ́ tó wọlẹ̀ dáadáa ni ekòló ti ń yọ tí wọ́n ń wọ́ lọ. Mo fi ìka mi kà wọ́n, mo kọ ọ́ sínú nótíbúùkù náà, inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n yẹn lórí fóònù láti oko.

Bí ẹnìkan bá fọ́ ẹ̀rọ ní láàbù, ẹ lè ra òmíràn láàárín ọdún kan náà bí owó bá wà. Ẹ ní ká wá ilẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀ wà lóòótọ́ nínú ọgbà yìí. Ọdún mẹ́ta tó wà nínú èyí ni ẹ kò lè rí rà.

3. Àwọn tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa.

Ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko àlìkámà kan wà tí wọ́n ń pè ní Broadbalk. Láti 1843 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí rẹ̀: apá kan ń jẹ ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn, apá kan ń jẹ ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, apá kan kò sì jẹ nǹkan kan. Ilé ìwádìí Rodale bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní 1981. Ní Therwil ní Switzerland, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní DOK, tó ń fi ọ̀gbìn ọ̀gáníìkì wé ti oníkẹ́míkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ọdún 21 ni wọ́n sì fi kó èsì jọ kí wọ́n tó tẹ èyí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí jáde ní 2002. Wọ́n rí i pé irè ọ̀gáníìkì fi nǹkan bí 20 nínú 100 kéré sí ti oníkẹ́míkà. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ àti agbára iná àti epo tí wọ́n lò fi 34 sí 53 nínú 100 dín kù, oògùn kòkòrò àti ti koríko sì fi 97 nínú 100 dín kù.

N ò fi 20 yẹn pamọ́ fún yín. Lórí rẹ̀ gan-an ni a ṣe ń kàwé. Ṣé tiwa náà á fi 20 kéré ni, àbí 40? Àbí tẹ̀tẹ̀ tó jẹ ìgbẹ́ adìẹ tó jinná dáadáa kò ní pàdánù ohunkóhun? Therwil kò lè dáhùn. Àlìkámà, ọ̀dùnkún òyìnbó àti koríko ẹran ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, yìnyín sì ń bo ilẹ̀ wọn lásìkò òtútù. Oòrùn tiwa kì í jẹ́ kí ewé pẹ́ nílẹ̀. Jógbó tí a gé lónìí tí a kó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di erùpẹ̀. Òjò oṣù Òkúdù tiwa ń wọ́ adùn ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò lè dé. Ìgbà wo ló yẹ ká da ìgbẹ́ sílẹ̀, ká tó gbìn ni àbí lẹ́yìn tó hù? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò ní ìmọ̀ tiwọn lórí èyí, mo sì ti kọ́ ohun púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún lẹ́yìn ọdún lórí ilẹ̀ kan náà. Kenya ti ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Chuka àti Thika láti 2007, àgbàdo sì ni olórí irè wọn. Ta ni yóò ṣe ti ẹ̀gúsí? Ta ni yóò ṣe ti ewédú, ti ìṣápá, ti ṣọkọ yòkòtò?

Bẹ́ẹ̀dì 16 yẹn kéré. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀.

4. Àwọn tó ń dárúkọ Sri Lanka.

Mo gbọ́ pé wọ́n sọ níbi ìpàdé pé ọ̀gbìn ọ̀gáníìkì ló kó Sri Lanka, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, sí wàhálà. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù Igbe ọdún 2021, ìjọba Ààrẹ Gotabaya Rajapaksa fòfin de ajílẹ̀ oníkẹ́míkà lójijì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ìrẹsì jábọ́, tíì jábọ́, nígbà tó sì di oṣù Bélú wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń fi í bá wa jà. Ilẹ̀ tó ti ń jẹ ajílẹ̀ àpò fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè yí padà láàárín sáà kan. Kọ́ńpọ́ọ̀sì kò tó nílẹ̀, àgbẹ̀ kò rí àyè múra, ẹni tí yóò kọ́ wọn ní bí wọ́n á ṣe ṣe é kò tó. Iye ọdún tí ilẹ̀ nílò, irú ewé tó yẹ, iye ìgbẹ́ tó tó fún éékà kan, bí a ó ṣe kojú kòkòrò ajẹgbàdo tó wọ ilẹ̀ wa ní 2016 láìgbé igò oògùn: iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Másítà àti PhD nìyẹn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí Sri Lanka má ṣẹlẹ̀ sí wa, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dìde gbèjà ilẹ̀ ìwádìí wa. Kò sí ẹnìkan ní ẹ̀ka wa tó ní kí àgbẹ̀ Nàìjíríà ju ajílẹ̀ nù lọ́la. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ jẹ́ ká mọ ọ̀nà kí ọjọ́ tó pọn.

5. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà.

Ìyá mi ń ta ẹ̀wà. Láti kékeré ni mo ti mọ òórùn kan tó máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí wọ́n bá já ọjà tuntun, òórùn tó ń ta èèyàn nímú, tó ń mú kí ojú ṣomi. Ọ̀tapíapíà ni. Wọ́n á da díẹ̀ sínú àpò kí kòkòrò má bàa lu ẹ̀wà, wọ́n á sì di ẹnu rẹ̀. Dichlorvos ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2015, nítorí rẹ̀ ni Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ dé 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìlọ́po 460 nìyẹn. Irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ kan náà ni a ń sè fún ọmọ wa nílé, tí a ń yí mọ́ọ́ínmọ́ín rẹ̀ fún àlejò.

Ní kíláàsì ètò oúnjẹ, ní sáà àkọ́kọ́ tí mo wọlé, ni mo ti gbọ́ nípa àpò onípele mẹ́ta tí àwọn olùṣèwádìí fásitì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe. Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú rẹ̀. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á lo ìwọ̀nba èyí tó bá nínú àpò tán, á sì kú, láìsí oògùn kankan. Mo ra méjì fún ìyá mi. Kò gbà mí gbọ́. Ó fi ẹ̀wà sínú ọ̀kan nítorí tèmi, ó sì ṣe tirẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó tú u níṣojú àwọn oníbàárà, ó da á sórí àtẹ, ó bu ọwọ́ kan, ó tàn án lórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi àtàǹpàkò yí i kiri bóyá òun á rí ihò. Kò rí. Ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Lónìí, àpò onípele mẹ́ta ni ó ń lò fún gbogbo ọjà rẹ̀, àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wọn sì ti ń lò ó.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ tì pa nìyí.

6. Ìpapọ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn.

Ẹ ní ẹ kò pa á rẹ́, ẹ kàn pa á pọ̀ ni. Mo ti rí ìwé ètò tuntun náà: kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, yúníìtì méjì, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn tàbí kó fi sílẹ̀. Nínú yúníìtì méjì, ibo ni a ó ti kọ́ nípa ilẹ̀, kòkòrò, ìlànà sátífíkéètì, ọjà, àti bí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ṣe lè jọ máa bẹ oko ara wọn wò kí wọ́n má bàa san owó ńlá fún ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń fúnni ní sátífíkéètì náà?

Àwọn mìíràn kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 1981 ni fásitì Kassel ní Jámánì ti yan ọ̀jọ̀gbọ́n lórí irú ọ̀gbìn yìí ní Witzenhausen, lónìí odindi ẹ̀ka ńlá ni. Nílé wa níbí, 2004 ni ètò OAPTIN, tó ń mú ẹ̀kọ́ ọ̀gáníìkì wọ àwọn fásitì Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní fásitì ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọkọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ lówùúrọ̀ á dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ni Fádà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ti dá Songhai, oko ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ ní 1985. Ẹ̀ka wa kó wa lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. A rí i bí wọ́n ṣe ń sin ìdin fún ẹja láti jẹ, bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń di gáàsì ìdáná, tí èyí tó ṣẹ́kù sì ń padà lọ sí oko. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Benin ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

7. Ohun tí a ń béèrè.

A fẹ́ kí ẹ dá iṣẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà dúró kí katakata tó wọ ilẹ̀ yẹn, kí ẹ sì fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ dá ilẹ̀ náà padà fún ẹ̀ka wa. Èyí ni olórí ọ̀rọ̀.

A fẹ́ kí láàbù kan tí kì í ṣe ti fásitì yìí yẹ erùpẹ̀ àti omi kànga tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà wò, kí ẹ̀ka ìtọ́jú ọgbà san owó rẹ̀, kí èsì rẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà.

Kí Sẹ́nẹ́ètì ṣòfin pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọ́n oògùn kankan nítòsí oko ìwádìí ẹ̀ka èyíkéyìí láìgba ìyọ̀ǹda ẹ̀ka náà ní kíkọ. Kí ẹ sì sọ fún wa bí oògùn tí NAFDAC ti fòfin dè ṣe wọ inú ọgbà fásitì, ta ló rà á, àti owó wo ni wọ́n fi rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi jẹ́ ọ̀kan. Kí ẹ fún wa ní àyè sáà méjì sí i láìgba owó iléèwé lọ́wọ́ wa. Owó tí mo san fún sáà tó bà jẹ́, ẹ̀wà ni ìyá mi tà tó fi san án.

Kí ẹ sì ṣí ìgbàwọlé fún sáà tó ń bọ̀, ní orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ mìíràn.

A fẹ́ ìdáhùn kí ìpàdé Sẹ́nẹ́ètì tó ń bọ̀ tó wáyé, nítorí òjò àkọ́rọ̀ kò ní dúró dè wá. A ó wà lórí ilẹ̀ náà ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, láago méje òwúrọ̀, a ó máa bu erùpẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò. Ẹ rán ẹni tí ẹ bá fẹ́ wá. Nótíbúùkù náà á wà níbẹ̀ fún un láti kà. Kí ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ o, oògùn náà ṣì wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà, ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ọ̀gáníìkì